Eyínfúnjowó Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹ̀rọ omi ní òun ò mọ Eyínfúnjowó.

Mo rò pé etí mi ni. Àwa bí ogún la tò síwájú ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, oníkálukú pẹ̀lú ike omi rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, bí ìṣe wọn ní Òkè-Ìrọ̀rùn. Èmi ti gba tèmi. Mo ti tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ojú irin tútù yẹn, Ohùn ti wí pé, "Fẹ̀hìntọ́lá, ife mẹ́fà," omi sì ti dà. Ó wá kan ọmọ náà. Ó tẹ ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ráhùn pé omi ìlú yìí ń rùn bí ìṣó tó dípẹtà. Ẹ̀rọ dákẹ́. Iná pupa tàn.

"Eyínfúnjowó," ni Ohùn wí. "A kò rí ẹni náà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí ló wí?" ni mo bi í.

"Ó ní òun ò rí mi, Ìyàwó wa."

"Kò rí ọ báwo? Ṣé ojú ń dùn ún ni? Tẹ ọwọ́ mọ́ ọn dáadáa."

Ó tún un tẹ̀. Iná pupa náà tún tàn. Ni mo bá fi ike omi mi sílẹ̀, mo gbá ẹ̀rọ náà létí. "Ìwọ irin yìí! Ṣebí àná lo fún un lómi? Oṣù mẹ́ta gbáko lo ti ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀. Kí ló wá dé sí ọ lórí lónìí?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa sún sẹ́yìn. Gbogbo wọn dojú kọ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó wí pé pẹ̀lẹ́. Ká ní Òkè-Pópó lÉkòó ni nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀, kí omi tó kó gbogbo ibẹ̀ lọ, ẹnìkan á ti máa bú bàbá ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, ẹlòmíràn á ti bu ife omi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, àwọn méjì á sì ti fa aṣọ ya lórí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Mo máa ń bú Èkó nígbà náà pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Ọlọ́run ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹnìkan fà mí ní ìró. Ìyá Àfúsá ni, ìyá arúgbó tó ń gbé òkè yàrá wa, òun nìkan ṣoṣo ló ti dáhùn kíkí mi rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà. "Rọra o," ló sọ lábẹ́ eyín. "Ògiri ń gbọ́. Ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Ó mú wa lọ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń fa ooru jáde kúrò nínú ilé wà. Ariwo abẹ̀bẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ ògiri létí. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó wò ó lójú, ó wá yíjú sí mi.

"Kí ni orúkọ ọmọ yìí?"

"Eyínfúnjowó ni, mà."

"Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni mò ń bèèrè."

Mo pa ẹnu mi dé.

Ìyá Àfúsá pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ṣé àbúrò ọkọ rẹ ni? O sì gbé e dé ẹnu ibodè, o wá fún wọn ní orúkọ tí ìyàwó ilé ń pè é? Orí ẹ ò pé ni?"

Ẹ máa bá mi wí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi. Mo ti bá ara mi wí títí ó ti sú mi. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé kí n tó relé ọkọ. Ìyá mi jókòó tì mí, ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sínú ilé náà kí n tó wọ̀ ọ́, ọkọ mi ni, ìbáà jẹ́ pé ó ṣì ń rákò. N ò gbọ́dọ̀ la ẹnu pe orúkọ rẹ̀. Kí n wá orúkọ tó dùn fún un. Bí mo ṣe fún gbogbo wọn lórúkọ nìyẹn: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Bàbá Olóòótọ́. Olówó orí mi fúnra rẹ̀, n ò pe orúkọ rẹ̀ rí, n ò sì ní pè é níbí yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi délé wọn. Wọ́n gbé igbá omi fún un pé kó bu u sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó. Dípò ẹsẹ̀ mi, ó da gbogbo rẹ̀ sí ara rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Eyín funfun tó wà lẹ́nu rẹ̀, àfi bí inú àgbọn! Mo ní, "Háà, ọkọ mi, eyín yín mà funfun ju owó lọ o." Eyínfúnjowó ló ń jẹ́ lẹ́nu mi láti ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọdún méje ni ìyá rẹ̀ kú. Mo fi ìró mi nù ún nímú, mo gbé e lọ sílé ìwé, mo dúró tì í lórí àìsàn. N ò bímọ tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni n ò fi ọjọ́ kan pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹnu ibodè Òkè-Ìrọ̀rùn. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi rìn láti etí omi. Ooru ti mú ọmọ náà, ó ń ṣẹ́jú, kò mọ ibi tó wà, ẹ̀yìn mi ló wà, àgbà ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lórí ẹ̀yìn èmi tí mo ti lé lógójì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wa. Ohùn ní, "Ta ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ?" Mo ní, "Eyínfúnjowó ni. Àbúrò olówó orí mi ni." Ohùn ní, "Ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn?" Mo ní, "Orúkọ tí mò ń pè é nìyẹn láti ọdún mẹ́rìndínlógún." Ohùn ní, "A ti gbọ́." Ilẹ̀kùn ṣí. Mo wọlé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyà gidi ni ọpẹ́ tí èèyàn dú láìmọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Ìyá Àfúsá ní kí n lọ sí Ilé Ẹ̀rí lọ́jọ́ náà. "Ṣùgbọ́n má tíì sọ nǹkan kan," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ tiwọn tán. Ẹyin lohùn nílùú yìí. Tó bá ti bọ́ lẹ́nu rẹ, wọn ò ní bá ọ ṣà á."

Abẹ́ ìbòrí la gbà débẹ̀. Ìbòrí ni aṣọ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ta sókè gbogbo ìlú kí oòrùn má baà pa èèyàn. Àwọ̀ eérú ni ojú ọjọ́ máa ń ní lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́ta tí mo ti débẹ̀, n ò tíì rí òjìji ara mi. Kò sí iná ìdáná, oúnjẹ inú páálí ni wọ́n ń gbé wá síwájú ilẹ̀kùn, ìrẹsì tí kò ní òórùn kankan. Nígbà tá a kọ́kọ́ dé, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ooru. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá bí ẹni pé mo nàka sí wọn. Eyínfúnjowó ló ṣàlàyé fún mi pé ohun tá a bá sọ síta ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Òun ti ń mọ ìlú náà lára. Wọ́n ti gbà á sí ilé irúgbìn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewébẹ̀ tí gbogbo ìlú ń jẹ, òun ló kéré jù níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì dára jù. Ó mú irúgbìn ata wá láti Èkó nínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó hù lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ tó hù, ó sáré wọlé, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ máa tó jẹ ata!" Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Akọ̀wé tó dá wa lóhùn ní Ilé Ẹ̀rí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Aṣọ funfun ló wọ̀, ìwà rẹ̀ sì tutù. Ó dìde fún mi, ó ní, "Ẹ jókòó, mà." Mo jókòó. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn àga mi.

"Oṣù mẹ́ta la fi yẹ ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára rẹ̀ wò, àná ló bá ti ọmọ kan mu nínú ìwé ìbí Èkó," ni akọ̀wé wí. "Ẹ̀rọ ti mọ ẹni tí í ṣe."

Mo gbá itan mi. "Ẹ rí i! Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi, bá wa sọ fún ẹ̀rọ omi yín, ká máa lọ sílé, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí láti àárọ̀."

"Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló mú un wọlé. Ẹnu yín ni."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. "Nígbà tí ìlú yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, àwọn èèyàn ń ta àyè. Wọ́n á gbé ọmọ ọlọ́mọ wọlé, wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n á ní tàwọn ni. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ẹni tó bá jẹ́rìí lẹ́nu ibodè ni yóò ru ẹ̀rí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó wà nínú ìwé, ẹ ó fi ẹnu yín pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i sí etí ògiri. Tí ẹ bá ti pè é, ó di ará ìlú lójú ẹsẹ̀."

"Ẹn-hẹn. Ìyẹn náà ló le?"

"Ẹni tó bá yí ẹ̀rí rẹ̀ padà ti jẹ́rìí èké, mà. Àyè tirẹ̀ ti lọ. Ìsàlẹ̀-Iyọ̀ ni yóò lọ."

Ìsàlẹ̀-Iyọ̀ ni wọ́n ń pe etí òkun níbi tí wọ́n ti ń to òkúta dí omi. Olówó orí mi lọ síbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ní oṣù mẹ́fà ni. Fìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́, iyọ̀ ti mú un gan bíi pákó. Mo rí àwọn kan tó ti ibẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà wa: ẹsẹ̀ wọn ti bó títí dé orúnkún, wọn ò lè sọ̀rọ̀ ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

"Èmi lè sọ orúkọ ara mi," ni Eyínfúnjowó wí látẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

"A kì í gba ẹ̀rí ẹni lórí ara rẹ̀," ni akọ̀wé dáhùn.

"Tí n ò bá sọ nǹkan kan ńkọ́?" ni mo bèèrè.

"Nígbà tí ọjọ́ kẹta bá pé, wọ́n á wá mú un. Òun ni yóò lọ sí Ìsàlẹ̀-Iyọ̀. Ẹ̀yin á wà níbí." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọ̀nà kan tún wà. Ẹ lè ní ẹ ò mọ̀ ọ́n rí. Pé ojú ọ̀nà lẹ ti bá a tó ń ṣàìsàn, ẹ wá gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yín á ṣe mọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mà. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

Mo bú u. N ò ní parọ́, mo bú u títí kan ìran rẹ̀. Kò bínú. Nígbà tí mo dákẹ́, ó tún sọ nǹkan kan, ọmọ náà sì gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní tí mo bá fẹ́ lọ, ẹnìkan tó jẹ́ ará ìlú lè pa àyè mi mọ́ fún ọdún kan, kí n lè padà wá tí mo bá ṣì wà láàyè. Ó kàn máa pe orúkọ mi sí etí ògiri kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ tó pa dé ni. "Orúkọ inú ìwé o," ló wí. "Ògiri kì í gba òmíràn. Tí ilẹ̀kùn bá sì ti pa dé, ó ti parí."

A padà sílé. Èmi àti ọmọ náà pín ife omi mẹ́fà.

Ẹ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ká ní mo jẹ́ irú obìnrin tí àwọn èèyàn ń yìn lẹ́yìn ikú, ǹ bá ti pe orúkọ náà lọ́jọ́ náà gan-an. N ò pè é. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo jókòó lórí ibùsùn, mo ń wo ẹsẹ̀ mi, mo ń rò ó pé báyìí ni awọ rẹ̀ máa ṣe bó. Mo ní kí ilẹ̀ kọ́kọ́ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo ní kí ọ̀sán pọ́n. Nígbà kan lọ́jọ́ kejì, mo tilẹ̀ rò ó nínú ara mi pé ọmọdé ni, ara rẹ̀ le, bóyá òun á là á já, èmi ò lè là á já. Mo rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi gbé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ojú ara mi tì mí débi tí n ò lè wo ojú rẹ̀.

Òun kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ sínú àpò kan, ó ń sọ fún mi bí n ó ṣe máa bomi rin ata náà tó ti gbé wá sínú yàrá wa, ẹ̀kán díẹ̀ láàárọ̀, kí n má ṣe fi ọwọ́ kan ewé rẹ̀.

"Ta ló ní o ń lọ síbì kan?" ni mo jágbe mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ̀yin ti tọ́ mi tó. Mo kéré, mo lágbára, mo mọ omi wẹ̀. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbi òkúta? Orúnkún yín ń dùn yín tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn."

"Má fi orúnkún mi ṣe ẹlẹ́yà."

"N ò fi ṣe ẹlẹ́yà. Kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan ni mo ń wí. Ẹ ti pa ẹnu dé fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ kan ló kù."

Mo wá ní, "Pe orúkọ mi, kí n gbọ́."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ló dé?"

"Ìwọ sá ti pè é. Kí ahọ́n rẹ mọ̀ ọ́n."

"N ò pè é o. Ṣé èmi ni n ó máa pe orúkọ yín? Kí ni mo fẹ́ pè é sí? Ẹ ò lọ ibì kankan." Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń di okùn àpò rẹ̀, kò sì tún rẹ́rìn-ín mọ́. Mo yẹ kí n fipá mú un. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó yẹ kí n dì í mú létí, kó pè é nígbà ogún. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo sì ń bẹ̀rù pé tó bá pè é, mo ti gbà nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn wà ní àárín ọ̀run lẹ́yìn ìbòrí, wọ́n dé. Ẹ̀ṣọ́ méjì, àti akọ̀wé aláṣọ funfun náà. Ọkọ̀ wọn kò ní awakọ̀, ó ti ara rẹ̀ dúró ní iwájú ilé wa, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sókè. Ohùn kan náà tó ń bẹ lára ògiri ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé dúró lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Àfúsá wà láàárín wọn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Eyínfúnjowó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ìgbà tó bá ń lọ sílé ìwé. "Ó dàbọ̀, Ìyàwó wa. Ẹ má gbàgbé ata."

"Mà," ni akọ̀wé sọ fún mi, "òfin ní kí n bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ni ọmọ yìí?"

Mo wò ó. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lókè. Ó yíjú, ó sì fi eyín funfun yẹn hàn mí, ó ń mi orí pé rárá, kí n má sọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí kò lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ó máa ń lọ. Ó wà níbẹ̀ gbọnyingbọnyin, mo fi ẹ̀rù náà lẹ́nu sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó bí i. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, kó jókòó ti ìyá rẹ̀, kó má lọ bíi tàwọn yòókù. Mo kọjú sí ògiri.

"Bánjókòó!"

Ohùn mi yà mí lẹ́nu. Ọmọ náà, láìrò ó, dáhùn. "Mà?" Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bíi pé ìyá rẹ̀ ló pè é láti inú yàrá. Kò sí ẹnikẹ́ni tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ.

"Bánjókòó ni," ni mo wí. "Ọmọ bíbí Òkè-Pópó. Èmi ni mo fún yín ní orúkọ tí kò sí nínú ìwé. Mo ti yí ẹ̀rí mi padà."

"A ti rí Bánjókòó," ni ògiri wí. "Ife mẹ́fà."

Wọn ò jẹ́ kí n mú nǹkan kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbé èmi gòkè, ó yá bí ìgbà tí èèyàn pààrọ̀ ẹrù. Mo ṣì ń gbọ́ tó ń ké. "Kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe fún mi?" Mo jókòó lórí irin. Ilẹ̀kùn náà ń pa dé díẹ̀díẹ̀ láti òkè, kò yára.

"Pe orúkọ mi!" ni mo kígbe.

Ó sáré sí ara ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. "Ìyàwó wa!" ló ké. "Ìyàwó wa o!"

"A kò rí ẹni náà," ni ògiri wí.

"Orúkọ mi, Bánjókòó! Orúkọ mi gan-an!"

"Ìyàwó wa ni! Ìyàwó ilé wa ni!" Ìyá Àfúsá ń ju ọwọ́ sí i láti orí àtẹ̀gùn, pé pè é, pè é. N ò mọ̀ bóyá obìnrin náà rántí orúkọ mi. Ìyá Eléyín ló máa ń pè mí. Ilẹ̀kùn ti dé àyà mi. Mo ba mọ́lẹ̀ kí n lè máa rí i.

Mo rí i nígbà tó rántí. Ó wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ kún fún ìtìjú bí ẹni tí wọ́n ní kó gbá ìyá rẹ̀ létí. Ká ní ó pè é níbi tó dúró sí, ìbá bá a. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó tẹrí ba, mo gbọ́ tó ní, "Ẹ foríjì mí, mà. Ẹ má bínú." Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti fi òkùnkùn bo ojú mi.

Orúkọ mi dún níta, ketekete, gbogbo rẹ̀ pé: Fẹ̀hìntọ́lá. Ohùn tó wà nínú ọkọ̀ dá a lóhùn lẹ́bàá etí mi.

"A ti rí Fẹ̀hìntọ́lá. Kò sí nílùú mọ́."

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo fi etí ti irin, mo ṣì ń gbọ́ ọ tó ń pè é, ó ń pè é léraléra, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ó ń tọrọ àforíjì. N ò lè bá a wí. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.